Ẹ Má Tíì Fún Wáyà Ìjánu Ọwọ́ Ìjàpá Yín

Ẹ kú làálàá ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fa ìjánu ọwọ́ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) yín títí ó fi nà tàn, síbẹ̀ ọkọ̀ ń yọ́ rìn lójú ìdagẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mẹkáníìkì ti fún wáyà rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó fún un lẹ́ẹ̀kẹta kí ẹ tó tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wò.

Ìjàpá bàbá mi, ti ọdún 1978, ni mo gbé lọ síbi ìsìnkú kan ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Mo gbé e sójú ìdagẹ̀rẹ̀, mo fa ìjánu ọwọ́, n kò sì fi òkúta sídìí táyà. A kò tíì jẹun tán tí a fi gbọ́ igbe: ọkọ̀ ti fẹ̀yìn rìn lọ, ògiri ló dá a dúró, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré kò sì jìnnà sí ògiri náà. Bí mo bá rántí rẹ̀ títí dòní, ara mi a bù máṣọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fún wáyà yẹn ṣáájú. Bí a bá ń fún wáyà nígbà tí láínì (ohun tó ń ha inú dúrọ́ọ̀mù, ìlù irin ìdí táyà, láti dá ọkọ̀ dúró) ti jẹ, ńṣe ni wáyà yóò máa ti súù, irin tó gbé láínì, mọ́ dúrọ́ọ̀mù nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Láínì á gbóná, á túbọ̀ jẹ, a ó sì tún fún wáyà. Nígbà tí a tú ẹsẹ̀ òsì, ọ́ìlì jíà ti gba ara síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́) tó gbó wọ inú dúrọ́ọ̀mù. Mo fi ìka kan láínì, ó ń yọ̀ bí ilá. Ọmọṣẹ́ kan fẹ́ fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, mo kọ̀, nítorí láínì tó bá ti mu ọ́ìlì yóò tún bì í jáde nígbà tó bá gbóná. Ẹ pààrọ̀ síìlì, kí ẹ wá pààrọ̀ láínì tọ̀tún tòsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, torí asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, máa ń wà nínú láínì àtijọ́. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó di dúrọ́ọ̀mù mú, ti 36 mm, ilẹ̀ ni kí ọkọ̀ wà tí ẹ ó fi dẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ píìnì rẹ̀. Páìpù gígùn ni a fi bọ sípánà kí tèmi tó gbọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, bí ihò píìnì kò bá ṣe déédéé, ẹ fún un síwájú, ẹ má dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

Ètò iṣẹ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń dojú rẹ̀ rú. Ẹ fi òkúta sídìí táyà iwájú, ẹ sọ ìjánu ọwọ́ kalẹ̀, ẹ dẹ wáyà méjèèjì, kí ẹ tó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn. Tèmi ní ihò kéékèèké tí a fi rọ́bà dí lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni a ti ń fi súkúrúdíráfà yí kẹ̀kẹ́ eléyín méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún súù kan, títí táyà yóò fi há, kí a wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yí fàlàlà. Ẹ tẹ ìjánu ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí súù lè jókòó, kí ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ìgbà yìí ló tó kan wáyà. Ẹ ká rọ́bà ìdí ọwọ́ ìjánu sókè, ẹ ó rí orí wáyà méjì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn. Ẹ fi súkúrúdíráfà di orí wáyà mú kó má baà lọ́ bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tì. Bí ọwọ́ ìjánu bá dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀mejì, kí táyà méjèèjì ṣì ṣe é fi agbára ọwọ́ yí; bó bá dún lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ìkankan má lè yí mọ́. Táyà ọ̀tún tèmi kò gbà bẹ́ẹ̀, torí wáyà ti dípẹtà sínú ọ̀pá rẹ̀: bí a bá fà á, kì í padà. Gíríìsì kò ran irú èyí, tuntun ni mo rà.

"Kẹ́" mẹ́rin ló ń dá Ìjàpá náà dúró báyìí lójú ìdagẹ̀rẹ̀ Ẹ̀fọ̀n yẹn kan náà. Mo ṣì ń fi í sí jíà kìíní, mo sì ń gbé òkúta méjì kiri nínú búùtù.