Èsì: Àyà ń já mi láti padà sí ọ́fíìsì

Àbúrò mi, ìwọ tó ní o ò rí oorun sùn látìgbà tí ọ̀gá yín ti ní kẹ́ ẹ padà sí ọ́fíìsì ní Marina l'Ékòó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwọ nìkan kọ́ o. Èmi náà rèé, ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi jókòó sílé nígbà kòrónà, láti 30 oṣù kẹta 2020 títí wọ́n fi ṣílùú díẹ̀ ní 4 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí mo máa kọ́kọ́ jáde, mo dúró ní Yaba, dánfó mẹ́ta ló kọjá tí mi ò lè wọ̀, ẹnì kan ń wúkọ́ nínú ìkejì, kọ́ńdọ́ fa ìbòmú ẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, ó ń pariwo "CMS, mú ṣéńjì ẹ dání o!" Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo padà sílé, kí n má parọ́.

Sátidé ni mo wá lọ dán ọ̀nà yẹn wò, láìsí iṣẹ́ kankan. Mo jókòó ti fèrèsé, mo ṣí i gbayawu, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí mi lójú lórí afárá Third Mainland, mo ra gúgúrú ní CMS, mo padà wálé. Ìgbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ara mi ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ìwọ náà gbìyànjú ẹ̀. Bẹ ọ̀gá kó jẹ́ kó o máa wọlé ní aago mẹ́wàá, kí èrò ti dínkù, kó o sì yé ka fọ́wọ́ọ̀dù WhatsApp lóru jọ̀ọ́.

Tó bá pẹ́ tí oorun ò wá, lọ rí dókítà. Má jẹ́ kí wọ́n fi "Yaba Left" dẹ́rù bà ẹ́, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Yaba ni, wọ́n máa ń tọ́jú ẹni tí àníyàn ń dà láàmú níbẹ̀ náà, kì í ṣe wèrè nìkan.

Tó o bá lọ ní Mọ́ńdè, wá fi tó wa létí o.