Ṣé "kì í ṣe mímì fún adìẹ" bá ẹran tó bu dáínósọ̀ jẹ mu?

Ìbéèrè: Ẹnì kan fi àwòrán ẹran kékeré kan tó deyín mọ́ dáínósọ̀ hàn, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Kí ni òwe yìí túmọ̀ sí gan-an, ṣé ó sì bá àwòrán náà mu?

Ìdáhùn: Ó bá a mu dé àyè kan. Adìẹ là ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Ohun tó bá ti rí nílẹ̀ ló ń ṣà jẹ, àgbàdo ni o, kòkòrò ni o. Ṣùgbọ́n tó bá gbé abẹ́rẹ́ mì, ọ̀fun ni yóò ti gún un. Ẹni tó bá fẹ́ fojú tín-ín-rín ẹlòmíì ni àwọn àgbà ń pa á fún. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ kì í lé adìẹ kiri, jẹ́ẹ́ ló wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Repenomamus, ẹran inú àwòrán yẹn, kò wà ní jẹ́ẹ́ rárá. Ẹranko afọ́mọlọ́mú ni, Liaoning ní Ṣáínà ló gbé, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 125 ọdún sẹ́yìn. Egungun òun àti Psittacosaurus, dáínósọ̀ tó ń jẹ ewé, ti di òkúta níbi tí wọ́n ti wé mọ́ra. 2012 ni wọ́n rí wọn, ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2023. Ẹran náà kò gùn ju nǹkan bí 47 sẹ̀ǹtímítà lọ, dáínósọ̀ sì tó 120. Síbẹ̀, òun ló wà lókè: ọwọ́ rẹ̀ di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ dáínósọ̀ mú, eyín rẹ̀ wọ egungun ìhà. Ẹrẹ̀ òkè oníná ló bò wọ́n mọ́lẹ̀ lójijì. Bí ẹnì kan bá ní òkú ló ń jẹ, kò sí àpá eyín kiri ara egungun dáínósọ̀ náà bí ì bá ti wà ká ní òkú ló ń jẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Repenomamus sì há sábẹ́ ẹsẹ̀ tí dáínósọ̀ ká kò.

Ṣáájú ìyẹn, ní 2005, wọ́n ti ròyìn Repenomamus mìíràn tí egungun ọmọ Psittacosaurus wà ní ikùn rẹ̀, ní ègé-ègé, tí kò rún un kúnná. Ẹ ò rí i pé abẹ́rẹ́ ló gbé ọmọ adìẹ mì níbí!

Tí ẹ bá fẹ́ pa òwe náà síbi tó yẹ ẹ́, ẹ pa á fún àwọn tó ti ń sọ tipẹ́ pé gbogbo afọ́mọlọ́mú ayé dáínósọ̀ kò ju bí asín lọ, pé òru nìkan ni wọ́n ń yọjú.