Ṣé ká ta ilẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje. Ó máa ń ṣubú, ìka ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn. Tó bá jókòó sílẹ̀, àfi kó fi ọwọ́ ti itan ara rẹ̀ kó tó lè dìde. Dókítà ní Kútọnu kọ “myopathie de Duchenne” sínú ìwé rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Paris sọ pé abẹ́rẹ́ kan ti jáde ní Amẹ́ríkà tó ń wò ó sàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gún un. Ọkọ mi fẹ́ ta ilẹ̀ wa tó wà lójú ọ̀nà Pobè. Ìyá rẹ̀ sì ń sọ pé ilé bàbá mi ni mo ti kó àrùn náà wá. Kí ni ká ṣe? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kétu)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá ọmọ. Ẹ má ta ilẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ka ìdáhùn yìí, torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló gbé e débẹ̀.

Abẹ́rẹ́ náà wà lóòótọ́. Elevidys lorúkọ rẹ̀, oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àmọ́ kì í wo àrùn yìí sàn. Èròjà kan tó ń jẹ́ dystrophin ló ń di iṣan mú nígbà tó bá ń sún kì tó sì ń nà, bí okùn tí wọ́n fi so igi àjà. Jíìnì, ìyẹn ìlànà tí a jogún tí ara fi ń ṣe èròjà yìí, ló ní àléébù lára ọmọ yín, ìyẹn ni iṣan rẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì kan tí kì í fa àìsàn ni wọ́n fi ń gbé jíìnì wọnú iṣan. Ìlànà dystrophin gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 11,000, fáírọ́ọ̀sì náà kò sì lè gbé ju bí 4,700 lọ. Ni wọ́n bá gé e kúrú, wọ́n fi ibi tó ṣe kókó jù sílẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, àwọn ọmọ kan yára dìde nílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n lápapọ̀, ìyàtọ̀ tí wọ́n ń retí láàárín àwọn tó gbà á àtàwọn tí kò gbà á kò hàn. Lọ́dún 2025, ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin méjì tí kò lè rìn mọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbà á, wọ́n sì kú. Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 3,200,000. Ìyẹn lé ní bílíọ̀nù kan fráǹkì séfà. Gbogbo ilẹ̀ ẹbí yín kò lè tó o.

Àbúrò ọkọ yín lè ṣe ohun kan tó wúlò. Owó Téléthon, ètò ìkówójọ fún ìwádìí àrùn tí à ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n Faransé, ni wọ́n fi dá ilé ìwádìí Généthon sílẹ̀ ní Évry, nítòsí Paris, lọ́dún 1990. Àwọn náà ń dán abẹ́rẹ́ tiwọn wò lára àwọn ọmọdé tó ní àrùn yìí. Kó lọ béèrè níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó kọ orúkọ ọmọ yín sínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún un!

Tí ẹ bá fẹ́ náwó, àyẹ̀wò jíìnì ni kí ẹ ná an lé lórí, èyí tó máa sọ ibi tí àléébù náà wà gan-an. Ìpín 79 ni jíìnì yìí ní. Eteplirsen, oògùn kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, ń mú kí iṣan fo ìpín 51 kọjá nígbà tó bá ń ka ìlànà náà, kó lè ṣe dystrophin tó kúrú díẹ̀. Bí ọmọ 13 péré nínú 100 ló lè bá mu. Láìsí àyẹ̀wò yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ oògùn tó tọ́ sí ọmọ yín, yálà èyí tó wà báyìí tàbí èyí tó ń bọ̀.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, mo mọ bàbá kan tó ta mọ́tò rẹ̀ nítorí àgbo. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń mu àgbo yẹn, ẹnikẹ́ni kò na gìgísẹ̀ ọmọ náà, ó sì le gan-gan débi pé kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Nítorí náà, ẹ wá kiné, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, tó máa kọ́ yín bí ẹ ṣe máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé lójoojúmọ́, kí ẹ tó ronú kan Amẹ́ríkà rárá. Ẹ bi dókítà nípa prednisone, tàbí oògùn mìíràn tó bá a tan. Ó máa ń jẹ́ kí ọmọ lè rìn pẹ́ sí i. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ má dá a dúró lójijì láé, ó léwu. Kí wọ́n máa yẹ ọkàn rẹ̀ wò lọ́dọọdún, torí iṣan ni ọkàn náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gba jíìnì yìí. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́ta tó ní àrùn náà, bí ẹnì kan ló jẹ́ pé ara tirẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sí lára ìyá rárá. Bó bá sì wà lára yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi síbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn yín. Ẹ ṣe àyẹ̀wò tiyín náà. Tó bá wà, kí wọ́n yẹ ọkàn ẹ̀yin náà wò, torí ó lè kan ọkàn ìyá, kí ẹ sì sọ fún àwọn àbúrò yín obìnrin kí wọ́n tó bímọ.