Kí ló ń sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ìjìjàǹgbara aráàlú, tí kì í ṣe èrò tó kàn pé jọ lásán?

Ó di ìjìjàǹgbara tí èèyàn púpọ̀ bá pawọ́ pọ̀ torí ohun kan náà tí wọ́n fẹ́ kó yí padà, tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀kan, tí wọ́n sì ń bá a lọ fún ìgbà pípẹ́.

Èrò tó ń wá mọ́tò ní Ìgbóǹnà, nílùú Òṣogbo, láàárọ̀ ò lè jẹ́ ìjìjàǹgbara, kálukú ló mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo oríta Ọláìyá, ní Òṣogbo kan náà, ní October 2020, àwọn ọ̀dọ́ dúró sójú títì pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ EndSARS sí, ìyẹn ni pé kí wọ́n fòpin sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, àwọn tó wà l'Ékòó àti Abuja náà ń pariwo ohun kan náà, kò sì sí ọ̀gá kan tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, oríṣiríṣi ẹgbẹ́ àti èèyàn ló so kọ́ra, èyí gan-an ló yà á sọ́tọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jà náà ṣe pàtàkì: ìwọ́de, orin, kíkọ̀ láti san owó orí, bí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú ṣe ṣe títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949.

Ìwọ́de ọjọ́ kan péré kì í sábà tó o, àmọ́ ó lè jẹ́ apá kan ìjìjàǹgbara. Ariwo EndSARS ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2017. Àwọn ìjìjàǹgbara míì sì wà tó jẹ́ pé wọn ò fẹ́ àyípadà kankan, wọ́n fẹ́ dènà rẹ̀ ni.