Èsì: Ṣé owó iṣẹ́ oko máa gòkè bí wọ́n bá lé àwọn tí kò ní ìwé?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí ìjọba Amẹ́ríkà bá lé gbogbo òṣìṣẹ́ oko tí kò ní ìwé àṣẹ láti gbé ìlú wọn, ṣé owó iṣẹ́ kò ní gòkè fún ọmọ onílẹ̀? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2011, gómìnà wọn, Nathan Deal, fọwọ́ sí òfin HB 87, tó dojú kọ àwọn tí kò ní ìwé. Kó tó di oṣù Keje tí òfin yẹn máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti sá lọ, bẹ́ẹ̀ àsìkò ìkórè ni. Gómìnà wá ní kí àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, àmọ́ tí wọn ò sí lẹ́wọ̀n, lọ ká kùkúńbà. Púpọ̀ nínú wọn ò fara da oòrùn yẹn tí wọ́n fi padà sílé. Bákan náà, nígbà tí ètò Bracero, tó ń mú òṣìṣẹ́ oko wá láti Mexico, parí lọ́dún 1964, ẹ̀rọ ìkórè ni àwọn àgbẹ̀ tòmátì ní ìpínlẹ̀ California gbé wọ oko dípò àwọn tó lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé títí dòní, òfin àpapọ̀ ti ọdún 1938 ò fún òṣìṣẹ́ oko ní owó àlékún fún àṣekún iṣẹ́. Bó bá jẹ́ owó iṣẹ́ ló ká wa lára lóòótọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.