Bí Orin Bá Gòkè, Ohùn Mi A Fọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Tẹ́nọ̀ ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Bí orin bá wà nísàlẹ̀, ara a máa dẹ̀ mí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gòkè, ọ̀fun mi a fún pọ̀, ohùn a sì fọ́ lójú gbogbo ìjọ. Bí a bá fi máa parí ìsìn, ohùn mi ti há, ó sì lè di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ó tó là. Orógbó àti oyin kò ràn án. Ṣé àdánidá ni ohùn ni, àbí ó ṣe é kọ́? — Akọrin, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ó ṣe é kọ́. Ẹ̀bùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro tiyín kì í ṣe àìlẹ́bùn. Ipá ni ẹ ń lò níbi tí ó yẹ kí ẹ ti máa ṣọ́ èémí ná. Tán-án-ná méjì tí ó wà nínú gògóńgò ni ó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Bí orin bá ń gòkè, ṣe ni ó yẹ kí wọ́n máa nà, kí wọ́n sì máa fẹ́lẹ́ sí i. Nígbà tí tẹ́nọ̀ bá dé ohùn A tí ó wà lókè C àárín dùùrù, ìgbà 440 ni wọ́n ń pàdé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fi ohùn tí a fi ń pe ará òkèèrè gun ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè nà. Wọn yóò já ohùn náà sílẹ̀ lójijì, ìkọlura náà yóò sì mú kí wọ́n wú. Wíwú yẹn ni ohùn híhá tí ẹ ń rí.

Ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ìhà, kí ẹ fa èémí wọlé láìpariwo títí ìhà àti ikùn yóò fi fẹ̀, láìjẹ́ kí èjìká gòkè. Ẹ wá máa tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ìró “s” tí kò yí padà, kí ìhà má tètè wó lulẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánrawò tí mo fẹ́ràn jù, èyí tí Ingo Titze, onímọ̀ nípa ohùn ní Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀ káàkiri. Ẹ mú sitírọ́ọ̀ tí a fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu, kí ẹ ti orí rẹ̀ bọ omi díẹ̀ nínú ife, kí ẹ máa kọ “u” gba inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ sì padà. Bí omi bá ń hó déédéé, èémí yín ń lọ bó ti yẹ. Bí ó bá dákẹ́ bí ẹ ti ń gòkè, ẹ ti há ọ̀fun mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ kọ ìlà orin tí ó ń dà yín láàmú gba inú sitírọ́ọ̀ bákan náà kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ sí i, kí ẹ sì bẹ ọ̀gá akọrin pé kí ó sọ orin náà kalẹ̀ díẹ̀ ní àkókò ìgbáradì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ní alẹ́ Àbámẹ́ta lọ.

Ní ti orógbó àti oyin, ọ̀nà oúnjẹ ni wọ́n ń gbà, wọn kì í kan tán-án-ná. Omi pàápàá kì í kàn án tààrà, nítorí náà ẹ ti máa mu ún láti ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Mo fura sí ibi tí ẹ ń dúró sí pẹ̀lú. Akọrin tí ìlù àti gìtá bò mọ́lẹ̀, tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kò ní ṣàì pariwo. Ẹ ní kí wọ́n kọjú sípíkà kan sí yín.

Bí ohùn bá há, ẹ dákẹ́, ẹ má sì máa fi ipá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò là, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà sí yín.