Kọ̀ǹpútà wo ni kì í pariwo fún yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì jọ ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè?

Láptọ́ọ̀pù tí kò ní fáànù rárá ni. Irú rẹ̀ ni MacBook Air ti Apple tó ń lo M1 (ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀), tó jáde ní 2020. Bí agbára yín kò bá ká a, ẹ wá èyí tó ń fi SSD tọ́jú fáìlì, nítorí kò sí ohun tó ń yí nínú SSD. Hard disk, tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn fi ń tọ́jú fáìlì, ní àwo tó máa ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tó ń sùn nítòsí sì lè máa gbọ́ ọ. Ní ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, fáànù ńlá tó ń yí jẹ́ẹ́ dára ju kékeré tó ń sáré lọ. Kíbọ́ọ̀dù mechanical (èyí tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní sípíríǹgì tirẹ̀) sábà máa ń ró kokoko lóru. (Ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.) Ṣùgbọ́n bí eruku ọyẹ́ bá dí fáànù, ẹ̀rọ tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó.